Odò Ọya Lọ́sàn-án

Ìgbà méje ni Mọ̀dínátù ti gba orí odò Ọya kọjá, kò sì rí i rí. Ẹ má rò pé afọ́jú ni o. Ojú rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè ti òwú bọ ihò abẹ́rẹ́ nínú yàrá tí ilẹ̀ ti ń ṣú. Ọ̀rọ̀ náà kò sí lọ́wọ́ ojú. Ẹlẹ́hàá ni, ilé ni ọkọ rẹ̀ fi í sí. Bẹ̀llò ni ọkọ náà ń jẹ́, ọmọ Ìlọrin tó ń ta pánlá ní Sábọ̀n Gàrí, ní Sáríà, kò sì fẹ́ kí oòrùn pàápàá mọ ojú ìyàwó òun. Tí wọ́n bá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ kí àwọn ará ilé ní Ìlọrin, Bẹ̀llò á jókòó ti fèrèsé, á fa pákó fèrèsé wálẹ̀, á sì gbé ìgbọ̀nwọ́ tì í bí ẹni tí wọ́n gbà ṣọ́ ọ. Etí ni Mọ̀dínátù fi mọ afárá Jẹ́bà. Irin á bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbọ̀ngbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀, àwọn èrò á máa pariwo pé, "Ọya rè é! Ọya rè é!" òun á máa wo pákó.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Suwebat, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà náà, sá lọ yọjú níbi fèrèsé ẹlòmíràn. Ó padà wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé omi náà pọ̀ ju ti inú àmù wọn lọ. Gbogbo ohun tí Mọ̀dínátù mọ̀ nípa odò Ọya fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nìyẹn.

A kì í parọ́ mọ́ òkú. Bẹ̀llò kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kò na ìyàwó rẹ̀ rí, kò jẹ́ kí ebi pa á, ó sì jẹ́ kó máa rán fìlà tà láti inú ilé, kí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri ni ògiri ń jẹ́. Fèrèsé kan ṣoṣo tí Mọ̀dínátù ní nínú ilé yẹn, kàlẹ́ńdà ni.

Ọdọọdún ni ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń kó pánlá wá láti Nọ́wè máa ń fún Bẹ̀llò ní kàlẹ́ńdà. Ti ọdún tí Suwebat lọ sílé ọkọ ló kó sí Mọ̀dínátù lórí. Ọkọ̀ òkun kan ló wà nínú àwòrán rẹ̀, láàárín òkè méjì tó ga dé ibi tí ìkùukùu wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè kan, ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lọ, ó kéré bí ìjàlọ tó tò sọ́nà.

Ó bi ọkọ rẹ̀ pé, "Kí ni àwọn wọ̀nyí ń lọ rà?"

"Wọn ò lọ ra nǹkan kan."

"Òkú ta ni wọ́n ń lọ sin nígbà náà?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Òyìnbó tó ń kó ẹja wá ló sọ fún mi. Ó ní wọ́n á san owó ọkọ̀, ọkọ̀ á máa gba etí òkun lọ, wọ́n á máa wò. Tó bá sú wọn, wọ́n á bọ́ sí èbúté, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n á tún máa wo òkè."

"Wọ́n kàn ń wò?"

"Wọ́n kàn ń wò ni. Haba! Ẹni tí kò níṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn."

Bẹ̀llò rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Mọ̀dínátù kò rẹ́rìn-ín. Ọdún yípo, ọkọ rẹ̀ gbé kàlẹ́ńdà tuntun wọlé, ó ní kí wọ́n já ti àtijọ́. Mọ̀dínátù já a lóòótọ́, ó sì ká a sínú àpótí aṣọ rẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ọdún 1958 ni Bẹ̀llò kú. Mọ̀dínátù sunkún rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó sì jókòó opó fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá bí Ọlọ́run ti wí, kò yọ ọjọ́ kan kúrò. Ní gbogbo ìgbà yẹn, tí ó bá ti kírun tán, á tú kàlẹ́ńdà náà, á tẹ́ ẹ sórí ẹní. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: àwa náà ní ọkọ̀ ojú irin, a sì ní òkun.

Yàkúbù, àbúrò Bẹ̀llò, ní èrò tirẹ̀. Òun ló gba ìsọ̀ pánlá, ó sì ti kà á pé òun ni yóò gba ìyàwó pẹ̀lú. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó wa," ni yóò wí, "tí o bá ti jáde opó, a ó jọ lọ sí Ìlọrin kí àwọn àgbà so yìgì wa. Má fòyà. Bí Bẹ̀llò ṣe tọ́jú rẹ nínú ẹ̀hà ni èmi náà á ṣe tọ́jú rẹ."

"Bàbá Kékeré, ẹ ṣeun. N kò fẹ́ ọkọ mọ́."

Yàkúbù á rẹ́rìn-ín músẹ́. Lójú tirẹ̀, ìtìjú ló ń ṣe obìnrin. Ó gbọ́ "n kò fẹ́" tó ìgbà mẹ́tàdínlógún, kò sì fi ẹyọ kan sọ́kàn nínú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tó jáde opó, Mọ̀dínátù da ìborùn borí, ó ká kàlẹ́ńdà rẹ̀ mọ́ abíyá, ó sì jáde sí títì nínú oòrùn. Òun nìkan. Àwọn aládùúgbò tó mọ ohùn rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ojú rẹ̀. Ó kí wọn lọ́tùn-ún lósì, kò sì dúró títí ó fi dé ilé ọkọ̀ ojú irin.

Dúrósinmí ni akọ̀wé tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, ará Kàbà, ọmọlúàbí ọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó wo obìnrin tí kò gbé ẹrù ọjà, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Mama. Ẹ kú àdánù o. Ta ló kú?"

"Ẹni tó kú ti kú, a ti sin ín. Mo fẹ́ lọ wo nǹkan ni."

"Kí lẹ fẹ́ wò?"

Mọ̀dínátù tẹ́ kàlẹ́ńdà sójú ihò tíkẹ́ẹ̀tì. Dúrósinmí bojú wò ó, ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè, ó tún bojú wò ó.

"Mama, ọkọ̀ wa kò dé Nọ́wè o."

"Mo mọ̀, Akọ̀wé. Ẹ bá mi ṣe tiwa."

Àlàyé rẹ̀ kò gùn. Ó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin dé etí òkun, kó wọ ọkọ̀ òkun tí yóò máa gba etí ilẹ̀ lọ, kó sì gba ọ̀nà irin mìíràn padà sí Sáríà. Kò ní rà, kò ní tà. Dúrósinmí bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́!" ó sì fa ìwé ìrìn ọkọ̀ rẹ̀ jáde.

"Ọkọ̀ òkun kan ń ṣí ní Èkó ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ń lọ sí Pọtakọ́ọ̀tù. Ibẹ̀ lẹ ti máa wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń gba Énúgù àti Mákúdì wá sí Kàdúná, ẹ ti délé nìyẹn. Láti ibí, ẹ wọ ọkọ̀ ayára ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ilẹ̀ Ọjọ́rú á mọ́ bá yín lọ́nà Èkó."

"Aago mélòó ló máa gun afárá Jẹ́bà?"

"Ààjìn ni. Ẹ ó ti sùn."

"Ẹ já ìyẹn sọnù."

Dúrósinmí gbé bírò sílẹ̀. Ọdún kẹrìnlá rẹ̀ rè é tó ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti bi í léèrè ọkọ̀ tó yá jù, èyí tó dínwó jù, àti èyí tí ewúrẹ́ lè wọ̀. Kò sí ẹni tó bi í rí pé odò wo ni òun máa bá nínú ìmọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀lé àwọn àkókò nínú ìwé, ó ń pa èyí rẹ́, ó ń kọ tọ̀hún, àwọn èrò ẹ̀yìn sì ń pòṣé.

Nígbà tó parí, ó kà á síta. Ọkọ̀ tí kì í yára, tó ń dúró ní gbogbo ìgbèríko, ni yóò gbé e kúrò ní Sáríà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Yóò sùn ní Mínná. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, yóò wọ òmíràn, yóò gun afárá Jẹ́bà nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè, yóò kọjá ní Ìlọrin kí wọ́n tó kírun màgàríbà, yóò sì dé Èkó ní Ọjọ́rú, kí ọkọ̀ òkun tó ṣí. Tó bá ń bọ̀, kó sùn ní Énúgù, kó lè rí odò Bẹ́núè lọ́sàn-án. "Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Jẹ́bà, apá òsì ni kẹ́ ẹ jókòó sí, Mama," ni Dúrósinmí fi kún un, "kí oòrùn má bàa ta yín lójú."

Mọ̀dínátù ní kó tún un kà. Bí ó ti ń kà á, ó fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Owó fìlà ló fi gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Kò fi ọ̀rọ̀ náà bò fún Yàkúbù. Ó sọ ti Jẹ́bà, ó sọ ti Èkó, ó sọ ti ọkọ̀ òkun, ó sì sọ pé òun ti gba yàrá kan nítòsí ilé Suwebat ní Sáríà, pé ibẹ̀ ni òun máa padà sí. Yàkúbù mi orí sí gbogbo rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé Ìlọrin wà lójú ọ̀nà. Ó ní obìnrin kì í dá rìnrìn àjò, ó lọ gba tíkẹ́ẹ̀tì Ìlọrin tirẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n wá obì, kí wọ́n sì pe alfa, ìyàwó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, èrò pọ̀ nínú ọkọ̀, Yàkúbù kò rí ibi jókòó sí nítòsí rẹ̀. Inú Mọ̀dínátù dùn débi pé kò lè jẹun. Ó rí àpáta, ó rí agbo màlúù, ó rí obìnrin kan tó ń fọ aṣọ létí odò, tó gbé ọwọ́ sókè kí i. Òun náà gbé tirẹ̀ sókè. Wọ́n sùn ní Mínná nílé alfa ará Ìlọrin kan. Yàkúbù ń ráhùn pé kí ló dé tí wọ́n fi ń sùn lọ́nà bí arúgbó.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó rí àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀sán ti ń rọ̀ nígbà tí ọkọ̀ dẹwọ́ eré, tí irin sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbọ̀ngbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀. Mọ̀dínátù mọ ìró náà bí ó ti mọ ohùn ọmọ rẹ̀. Bí àwọn èrò ti dìde, Yàkúbù nawọ́ kọjá lójú rẹ̀, ó di pákó fèrèsé mú.

"Àwọn ọkùnrin pọ̀ níbí, ìyàwó. Jẹ́ kí n tì í."

Mọ̀dínátù kò bá a jà. Ó na apá òsì rẹ̀ jáde láti ojú fèrèsé títí dé èjìká, ó sì fi í lélẹ̀ síbẹ̀.

"Ẹ tì í, Bàbá Kékeré. Ẹ tì í lé apá mi."

Yàkúbù kò tú ọwọ́ sílẹ̀ lára pákó. Obìnrin olójà kan lódìkejì wí ní Hausa pé, "Kai, malam, ka bar ta!" kó fi í sílẹ̀. Ó fi í sílẹ̀.

Odò Ọya wà nísàlẹ̀. Ó fẹ̀, ó ń dán, kò kánjú. Àpáta gàgàrà kan dúró nínú omi bí ẹni pé kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé kó kúrò. Àwọn apẹja nínú ọkọ̀ ojú omi wọn gbé ojú sókè wo ọkọ̀ irin. Omijé bọ́ lójú Mọ̀dínátù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ayọ̀ nìkan. Inú bí i. Ìgbà méje! Ìgbà méje ni wọ́n gbé e kọjá lórí ohun tó tó báyìí, wọ́n ní kó máa wo pákó. Ó bínú sí Bẹ̀llò tó ti kú, ó dárí jì í, ó tún bínú sí i, kí afárá náà tó tán.

Wọ́n dé Ìlọrin nígbà tí oòrùn ti ń pọ́n. Àwọn ará ilé ti tò sí etí ojú irin: alfa, àwọn àgbààgbà, àti Ìyá Bàlíkísù, ìyàwó tó dàgbà jù lágbo ilé, tí òun náà jẹ́ ẹlẹ́hàá, tó fi aṣọ bo ojú kanlẹ̀. Yàkúbù ti fo sílẹ̀. Ó ti gbé àpótí Mọ̀dínátù àti àpò oúnjẹ rẹ̀, ó ti kó wọn sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn àgbà.

"Sọ̀kalẹ̀, ìyàwó," ló wí. "Wọ́n ń dúró dè ọ́."

Mọ̀dínátù kúnlẹ̀ sórí àga ọkọ̀, ó yọ orí àti àyà síta, ó kí wọn níkọ̀ọ̀kan, kò fo ẹnì kankan. Lẹ́yìn náà ló gbé tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè kí gbogbo wọn lè rí i.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú. Ẹrù mi ló sọ̀. Èmi ń lọ Èkó."

Alfa ní, "Sùbùhánà-lláhì!" Yàkúbù ń pariwo pé obìnrin náà kò ní aṣọ ìpààrọ̀ kankan. Òótọ́ ni. Aṣọ ọrùn rẹ̀, owó inú ìgbànú, àti kàlẹ́ńdà abíyá rẹ̀ ló kù. Kò wo àpótí náà lẹ́ẹ̀kejì. Ọkọ̀ fọn fèrè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Ìgbà náà ni Ìyá Bàlíkísù kúrò láàárín wọn. Gbogbo wọn rò pé ó fẹ́ lọ gbá a létí. Ó ń sáré tẹ̀lé fèrèsé, ẹni àádọ́rin ọdún, aṣọ ojú rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn ọkùnrin má bàa gbọ́.

"Mọ̀dínátù, o rí i? Odò náà, báwo ló ṣe rí?"

Mọ̀dínátù na ọwọ́ kan án léjìká. Kò rẹ ohùn tirẹ̀ sílẹ̀. Ó pariwo débi pé gbogbo ilé ọkọ̀ ojú irin gbọ́.

"Ẹ lọ wò ó, Ìyá! Ẹ lọ lọ́sàn-án!"