Àdúrà Tí Mo Fi Ojú Gbọ́

Ara mi kò balẹ̀ láti àárọ̀ Sátidé yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi àtẹ̀jíṣẹ́ pè mí sí ìpàdé ẹbí ní Ìkẹ́rẹ́, kò sọ ìdí. Láti ìgbà tí etí mi ti di, bí wọ́n ṣe ń ṣe sí mi nìyẹn. Tí mo bá bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, wọn á ní àwọn á sọ fún mi tó bá yá. Kì í yá.

Nínú ọkọ̀ láti Ìsẹ̀, mo ń bọ́ awò ojú mi tuntun, mo ń tún un wọ̀. Ọmọ mi obìnrin ló rà á fún mi. Ohun tí èèyàn bá sọ níwájú mi á máa jáde ní kíkọ lójú gíláàsì, èmi nìkan ni mo ń rí i. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo ní lónìí, wọn ò ní fi mí jókòó bí ère mọ́.

Mo jókòó ti ìyá mi. Ó ti rù gan-an. Mo bi í kí ló ṣe é, ó ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan. Mo mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ìpàdé bẹ̀rẹ̀, ìwé tó ń jáde lójú awò kò ní orí, kò ní ìdí. Yorùbá ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni awò náà gbọ́, èdè Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì ń já lu ara wọn. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ jù ú sábẹ́ àga.

Ẹ̀gbọ́n mi wá dìde láti gbàdúrà. Gbogbo wọn dijú, èmi nìkan ni mo lajú. Yorùbá inú Bíbélì ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ni ọ̀rọ̀ bá ń jáde geere:

"Olúwa, ran ìyá wa lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ abẹ yìí. Bá wa bo àṣírí náà, kí àbúrò mi má baà mọ̀."

N kò dúró de àmín.

"Ọjọ́ wo ni iṣẹ́ abẹ náà?"

Ojú gbogbo wọn là. Mo fi ọwọ́ kan awò ojú mi, mo ní ó ti kọ àdúrà náà fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó wo awò náà, ó jókòó. Mo fẹ́ bú gbogbo wọn, àmọ́ ìyá mi di ọwọ́ mi mú. Ó ti rí i pé Yorùbá inú àdúrà ni awò náà gbọ́. Ó rọra ń fi Yorùbá ṣọ́ọ̀ṣì bá mi sọ̀rọ̀, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tó ti bí mi:

"Ọ̀túnla ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ. Bí mo bá rí ẹkún rẹ, n kò ní lè lọ."

Mo nu ojú mi. Mo ní a jọ ń lọ ni.