Ìràwọ̀ Tí Alága Wa Ń Bójú Tó

Aró ni mo ń rẹ ní Ìbàdàn kí n tó wá bá ọmọ mi gbé ní Ìgandò. Mi ò mọ ìwé. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń bá mi kọ èyí ló ni awò gígùn tí wọ́n fi ń wo ọ̀run. Ó de kámẹ́rà mọ́ ọn nídìí, ó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè.

Ó ní ìràwọ̀ kan wà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀, tí yóò tún padà bọ̀ sípò. Ìràwọ̀ méjì ni, ọ̀kan ń yí èkejì po. Bí èyí tó ṣú bá dúró síwájú èyí tó mọ́lẹ̀, tiẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Mo ní, "Orogún ni wọ́n nígbà náà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń wá ni kó ya fọ́tò rẹ̀ léraléra bó ṣe ń rẹlẹ̀, kó wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kó irú rẹ̀ jọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọyẹ́ ti bà á jẹ́. Tí alẹ́ ọjọ́ yìí bá tún bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó tún rí i.

Àṣé alága àwọn lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa ti gbọ́ pé à ń fi awò wo ẹ̀yìnkùlé òun. Bí a ṣe kírun alẹ́ tán ló tan iná ńlá kan tó kọjú sí wa gan-an. Àkùkọ rò pé ilẹ̀ ti mọ́, ó kọ. Gbogbo fọ́tò di funfun. Ọmọ ọmọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo lọ kan ilẹ̀kùn alága.

"Màmá, ẹ má bínú, ààbò la fi iná yẹn ṣe."

"Ààbò lọ́wọ́ ta ni, Alága? Lọ́wọ́ ìràwọ̀?"

"Wọ́n ní ẹ̀ ń wo ẹ̀yìnkùlé mi."

"Kí ló wà níbẹ̀? Garawa tó jò àti jẹnẹrétọ̀ tí kì í ṣiṣẹ́. Ṣé awò ni mo fi mọ̀yẹn? Ẹ wá wò ó fúnra yín jàre."

Ó dé fìlà, ó wá. Iná tó tàn fúnra rẹ̀ ò jẹ́ kó rí nǹkan kan, ló bá fóònù sílé pé kí wọ́n pa á. Nígbà tó rí ìràwọ̀ náà lójú kámẹ́rà, ó yọ ṣùtì. "Gbogbo wàhálà yìí, nítorí ẹyọ kan ṣoṣo yìí? Kò sì rẹlẹ̀."

Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe ń wò ó. Tí mo bá ń rẹ aṣọ, mi ò kì í wò ó lóun nìkan. Màá gbé e sáàárín méjì tí mo ti mọ bí wọ́n ṣe dú tó, ọ̀kan dú jù ú lọ, ọ̀kan ò dú tó o. Mo fi ìràwọ̀ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa hàn án, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. "Àwọn yìí kì í yí padà. Ẹ fi wé wọn. Tó bá ṣe díẹ̀, kí ẹ tún wò."

Ọmọ ọmọ mi yíjú sí mi. "Màmá, ohun tí mò ń ṣe gan-an nìyẹn. Ta ló sọ fún yín?"

"Aró ni."

Alága jókòó sórí àpótí. Ó wò, ó sinmi, ó tún wò. Ìyàwó rẹ̀ fóònù pé òkùnkùn ti pọ̀ jù; ó ní kó máa rọra, iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó wà lẹ́bàá aláìsàn. "Màmá, kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí ọwọ́ ọ̀tún mọ́ o. Ó ti wálẹ̀."

Fọ́tò pé. Ọmọ ọmọ mi wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì fi ránṣẹ́.

Ní ìpàdé lánlọ́ọ̀dù tó tẹ̀lé e, alága dìde. Ó ní lábẹ́ àkóso òun, ìràwọ̀ kan rẹlẹ̀ ní àdúgbò yìí, ó sì padà bọ̀ sípò láìsí wàhálà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, gbogbo ilé yóò máa pa iná ìta lálẹ́ tí ìràwọ̀ òun bá fẹ́ rẹlẹ̀.

Mo pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ.