Ọjọ́ Tí A Fi Ọkọ̀ Dí Ojú Omi Nítorí Ilé Tí Kò Ní Òrùlé

Ọdún kejì tí ìjà orí omi lé wa kúrò nílé ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Abúlé wa, tí kò jìnnà sí Molutehin, ti jóná ráúráú. Àwa tó kù há sí yàrá àyágbé ní Mahintedo. Ọkọ mi kò ti inú ìjà yẹn dé. Ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀ nìkan ni àbúrò rẹ̀ tù wá fún mi, òun sì ni mo fi ń bọ́ àwọn ọmọ.

Nígbà náà ni agbaṣẹ́ṣe kan dé láti òkè, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní òun yóò kọ́ ilé fún wa sórí ilẹ̀ gbígbẹ lẹ́bàá Igbókòdá, níbi tí ìjà kò ti ní bá wa mọ́. A ó kọ́kọ́ dá owó díẹ̀ fún un, báǹkì yóò yá wa ní ìyókù, a ó sì fi ọkọ̀ wa dógò.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ gbọ́ ibi tí a ti ṣìnà. Lọ́dọ̀ tiwa, orí omi la ń kọ́lé sí. Tí a bá ti ri òpó mọ́ ẹrẹ̀ tó dúró, ilé ti di ti onílé nìyẹn. Ará á wá jẹun, wọ́n á gbàdúrà, ẹnikẹ́ni kò ní já a gbà mọ́. Pákó àti òrùlé, ìgbà tó bá rọgbọ ni. Nítorí náà, nígbà tí a rí òpó kọnkéré tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lórí ilẹ̀ náà, ẹja la gbé kaná. Ìyá Rábì, ọ̀rẹ́ mi tó ń yan ẹja, gbá òpó tirẹ̀ mọ́ra. Ó ní, "Ìwọ ọkọ mi tuntun, o ò gbọdọ̀ sá o!" A rẹ́rìn-ín títí. Bí agbaṣẹ́ṣe ṣe gbé ìwé jáde pé kí a tẹ̀ka pé a ti gba ilé, a tẹ̀ ẹ́. Òpó sáà ti dúró.

Ìwé yẹn ni báǹkì fi san gbogbo owó lé agbaṣẹ́ṣe lọ́wọ́. Kò padà wá fi búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn.

Báǹkì kò wá ilé. Ọkọ̀ wa ni wọ́n wá kó. A gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, la bá so ọkọ̀ mọ́ ọkọ̀ dí ojú omi ní èbúté, àwa obìnrin sì jókòó sínú wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin báǹkì kan tó so táì mọ́rùn dúró lórí pákó èbúté, àwọn ọlọ́pàá wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ ti tẹ̀ka pé ẹ gbalé. Gbèsè ni gbèsè."

Ìyá Rábì dáhùn, "Ọmọ mi, lọ sùn nínú ilé náà lálẹ́ òní. Tí òjò kò bá pa ọ́, wá gbé ọkọ̀ mi láàárọ̀."

"Màmá, mi ò wá ṣàwàdà."

"Ta ló ń ṣàwàdà? Mú aṣọ òtútù dání."

Àwọn ọlọ́pàá pàápàá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọ́n já okùn, wọ́n sì ń wọ́ ọkọ̀ lọ. Mo fò sómi, ó mù mí dé àyà, mo di ìdí ọkọ̀ ọkọ mi mú. Ọlọ́pàá kan tó lè jẹ́ ọmọ mi ń tú ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ la fi kúnlẹ̀ bẹ ọ̀gá báǹkì. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àwa kò ríran. Olùkọ́ kan tó wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ló mú wa dé ọ̀dọ̀ lọ́yà obìnrin kan ní Òkìtìpupa.

Ó bi wá pé, "Ta ló ka ìwé náà fún yín kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni."

"Báǹkì ńkọ́? Ṣé wọ́n wá wo ilé kí wọ́n tó sanwó?"

"A ò rí wọn."

Ó mí kanlẹ̀. "Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Màmá, kí ló dé tí ẹ kò tètè wá?"

Ó ní tí a bá pe agbaṣẹ́ṣe nìkan lẹ́jọ́, báǹkì á ti ta ọkọ̀ wa tán kí ẹjọ́ tó parí. Àwọn méjèèjì la máa pè pọ̀. A ó kọ́kọ́ bẹ adájọ́ kó pàṣẹ pé kí báǹkì má ta nǹkan kan títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ẹ̀sùn jìbìtì, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni a ó gbé e lọ.

Adájọ́ gbọ́ tiwa. Ó pàṣẹ ìdádúró náà, nígbà tó sì ṣe, ó mú gbèsè náà kúrò lọ́rùn wa, ó ní báǹkì tí kò wo ilé kó tó sanwó ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Ó ní kí agbaṣẹ́ṣe dá owó tí a ti kọ́kọ́ dá fún un padà. Àwọn tí ọkọ̀ wọn ṣì wà nílẹ̀ gbà á. Ìyá Rábì gba tirẹ̀. Wọ́n ti ta tèmi ní àkókò tí mo fi ń kúnlẹ̀ bẹ ọ̀gá báǹkì. Owó tí wọ́n san dípò rẹ̀ kò ra ẹ́ńjìnnì, ká má tíì sọ ọkọ̀. Àkọ́bí mi fi ìwé sílẹ̀, ó lọ ń bá wọn pẹja nínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ní Abereke. Ibẹ̀ ló wà dòní.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra ilé, ẹ má tẹ̀ka kí ẹ tó rí òrùlé. Bí wọ́n bá sì rẹ́ yín jẹ, lọ́yà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ̀bẹ̀ lè tẹ̀ lé e.

Ti agbaṣẹ́ṣe, wọn kò tíì rí i mú. Yàrá àyágbé ni Ìyá Rábì kú sí. A kò tíì wẹ̀ ẹ́ tán tí onílé fi kanlẹ̀kùn pé kí a ṣe kíá, ẹlòmíràn ti sanwó yàrá. Ìdájọ́ tó ní kí wọ́n dá owó ilé rẹ̀ padà ti wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ kan kò tíì dé.