Ọmọ tí Ìyá Àgbà Ti Kọ́ Sílẹ̀ Dè Mí

Kò sí obìnrin tí mi ò lè mú sọ̀rọ̀. Mo ń fọ́nnu, mo mọ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Iṣẹ́ mi ni láti bá àwọn dókítà kan wádìí ohun tí oògùn tí aláboyún ń lò ń ṣe fún ọmọ. Oògùn tí wọ́n fi ń yó ni mò ń wí o, kì í ṣe ti ibà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á jókòó gẹlẹtẹ, wọ́n á tẹ́ fọ́ọ̀mù síwájú, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ lo oògùn olóró nígbà tí ẹ lóyún?" Ta ló máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni? Èmi a máa bá wọn já ẹ̀fọ́ ni. Bí a bá ti já a dé ìdajì, wọ́n á ti máa rojọ́ fún mi.

Bẹ́ẹ̀ ni aránṣọ kan ní Ìgandò ṣe jẹ́wọ́ fún mi. Ó ní nígbà tóun lóyún ọmọbìnrin òun, oṣù mẹ́rin gbáko lòun fi mu oògùn ikọ́ olómi, láìsí pé ikọ́ ń ṣe òun. Ó ti fi í sílẹ̀ tipẹ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ìyá ọkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n jọ ń gbé. Bí orí ọmọ náà ò bá jí pépé, ìyá á wádìí ìdí rẹ̀, á sì gbé ọmọ lọ sí ilé rẹ̀ ní Èkìtì. Mo búra fún un pé wọn ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọmọ ẹni tó jẹ́wọ́ nìkan ni mò ń dán wò, gbogbo àdúgbò á mọ ẹni tó jẹ́wọ́. Mo bá sọ fún ọ̀gá mi pé gbogbo ọmọ ọdún mẹ́rin bíi tirẹ̀ tó wà nínú ilé náà, títí kan ti àwọn ayálégbé yòókù, la máa dán wò. Ọ̀gá yarí. Mo yarí jù ú lọ. A ṣáà nílò àwọn ọmọ tí ìyá wọn ò lo nǹkan kan, ká lè fi wọ́n wéra. Inú mi dùn sí ọgbọ́n ara mi gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọ mẹ́ta ni mo tẹ́ ẹní fún. Mo ní kí wọ́n to igi wẹ́wẹ́ léra, mo fi àwòrán hàn wọ́n, mo gbé e kúrò, mo ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Ọmọ aránṣọ ló gbẹ̀yìn. Ṣé oògùn ikọ́ yẹn ni? Àbí ibà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀? Àbí ojú mi ló ń tì í? Ibi tí iṣẹ́ yìí ti le nìyẹn, nítorí ọmọ ò gbé ìdí ohun tó ń ṣe é kọ́rùn. Ìyá àgbà, ìyá ọkọ aránṣọ, jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà mo padà lọ. Ọmọ náà to igi rẹ̀ kí n tó sọ pé kó tò ó. Kí n tó ṣí àwòrán, ó ti ń kà wọ́n bí ẹni ń ké àkọ́sórí: ewúrẹ́, àga, ṣíbí, fìlà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, mo ti yọ fìlà kúrò nínú àwọn àwòrán náà tipẹ́. Mo gbójú sókè, mo rí i lára ògiri: ìyá àgbà ti ya gbogbo àwòrán mi sẹ́yìn kàlẹ́ńdà.

Inú bí mi. "Màmá, ẹ ti bà á jẹ́ fún mi! Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ohun tí orí ọmọ yìí gbé fúnra rẹ̀?"

Wọ́n wo iwájú ilé, níbi tí ìyàwó wọn ti ń ránṣọ, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ mi, nígbà tí mo wá wẹ ọmọ yìí, lẹ́yìn dírọ́ọ̀mù omi ni mo ti kó àwọn ìgò oògùn ikọ́ yẹn. Èmi ni mo dà wọ́n nù. Mo ti mọ̀ kí o tó mọ̀."

"Ẹ ò sì bi í?"

"Ojú á tì í. Bójú bá tì í jù, ó lè sá lọ, ta ló máa wá bá mi tọ́ ọmọ? Tíṣà ni mí, mò ń kọ́ ọmọ náà. Kọ ohun tó bá wù ọ́ síwèé ẹ. Àmọ́ má jẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ̀ o."

Mo ṣèlérí. Mo kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé wọ́n ti kọ́ ọmọ yìí sílẹ̀, kí wọ́n má kà á mọ́ àwọn yòókù. Ó dùn mí wọra, nítorí ìyá rẹ̀ nìkan ló jẹ́wọ́ fún mi nínú ilé yẹn.

Bí mo ṣe ń jáde, aránṣọ fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ó sáré bá mi.

"Àǹtí, ṣé ó ṣe dáadáa?"

"Ó mọ gbogbo ẹ̀."

"Ṣé màámi bi yín ní nǹkan kan?"

"Wọn ò bi mí ní nǹkan kan."

Ó mí kanlẹ̀, omi lé ròrò sí i lójú. "Ẹ ṣeun, Àǹtí. Kí Ọlọ́run ṣáà má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ láéláé."

Mo ní, "Àmín." Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí fún àwọn méjèèjì.