Oko Tí A Fi Gba Igbó Eléwé

Ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí nípa ìjà tí a jà nígbà náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe rí i. Tíṣà ni mí ní Ìsẹ̀. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni mí, ọkọ ló gbé mi débẹ̀, àwọn obìnrin àdúgbò a sì máa fi ohùn Ìkẹ́rẹ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Àárò wọn ṣì ń sọ mí.

Igbó Eléwé wà lápá ọ̀nà Emùré. Inú rẹ̀ ni odò tí a ń pọn ti ń sun. Ibẹ̀ ni a ti ń já ewé tí a fi ń di ẹ̀kọ, ibẹ̀ náà ni a ti ń ṣa ìgbín. Nígbà tí oníṣòwò gẹdú kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìrókò ibẹ̀ rà, àwọn ẹbí tó ni ilẹ̀ náà fi í sábẹ́ àbójútó ẹgbẹ́ kan, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tà á, kí ọmọ ọmọ wọn lè bá a níbẹ̀. Bàbá Àjàyí, àgbẹ̀ kòkó tó tún jẹ́ kánsẹ́lọ̀, ni alága wa.

Ṣùgbọ́n ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ta ni yóò bọ́ àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ igbó? Kí la ó fún awọnlẹ̀ tí yóò fa ààlà rẹ̀?

Oníṣòwò gẹdú gbọ́ pé ọwọ́ wa ṣófo. Ó wá sí ìpàdé wa fúnra rẹ̀ nínú kíláàsì mi, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ní òun yóò gbọ́ bùkátà awọnlẹ̀ àti ti àwọn ọdẹ, bí a bá lè jẹ́ kí òun gé ìrókò apá ìsàlẹ̀ nìkan. Bàbá Àjàyí mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ òfìfo kì í ṣọ́ igbó. Ó dà bíi pé ká gbà."

Ìyá Dúpẹ́, olórí àwọn obìnrin tó ń fún epo pupa, dìde. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé a ó ta ulé ká fi ra àgádágodo rẹ̀ ni?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀. "Kí wá ni ọdẹ yóò jẹ, Ìyá Dúpẹ́?"

"Iṣu wa, bàbá. Epo wa. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ní oko tirẹ̀."

Bí oko ẹgbẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọkùnrin ṣe ọ̀wẹ̀, wọ́n kọ ebè. Àwa obìnrin ń fún epo lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Bàbá Ràímì, Mùsùlùmí kan tó ní lọ́rì, ń bá wa gbé e lọ sí Àkúrẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Bí mo bá ń tẹ ẹyìn lọ́wọ́ tó rẹ̀ mí, Ìyá Dúpẹ́ a ní, "Tíṣà, epo ò mọ gírámà o, tẹ̀ ẹ́ dáadáa!" Ẹ̀rín á pa wá títí ẹsẹ̀ wa á fi yọ̀. Mo ti rí ayọ̀ púpọ̀ láti ìgbà náà, n kò rí irú èyí mọ́.

Owó oko yẹn la fi pe awọnlẹ̀. Kò tíì parí iṣẹ́ ni oníṣòwò gẹdú kó àwọn agégẹdú dé pẹ̀lú ayùn, ó ní kánsù ti fún òun láṣẹ. A jókòó sójú ọ̀nà igbó, ọ̀pọ̀ wa pọn ọmọ. Ọlọ́pàá kan dé, ó jágbe mọ́ wa: "Ta ló ni igbó yìí gan-an?"

Ìyá Dúpẹ́ dá a lóhùn pẹ̀lẹ́. "Ọ̀gá, àwọn kan nínú àwọn tó ni ín ló ń sùn lẹ́yìn wa yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jí wọn."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọlọ́pàá kó tó mọ̀. Ó ní kí wọ́n kó ayùn wọn padà títí kánsù yóò fi yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Ìbò kánsù sì ti sún mọ́lé. Oníṣòwò gẹdú pín iyọ̀ àti aṣọ káàkiri, Bàbá Àjàyí sì fìdí rẹmi. Mo lọ bá a kẹ́dùn.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ṣé ìwọ náà gba iyọ̀?"

"Rárá o, bàbá."

"Ó dáa. Ọbẹ̀ ilé rẹ á kàn tẹ́ díẹ̀ ni."

Kánsù tuntun gbé apá ìsàlẹ̀ fún oníṣòwò náà. Láti kíláàsì mi ni a ti ń gbọ́ bí ìrókò ṣe ń wó. Àwọn ọmọ á sáré lọ sójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n apá òkè tí odò ti ń sun, awọnlẹ̀ ti fa ààlà rẹ̀. Wọn ò lè fọwọ́ kàn án.

Bí a ṣe jèrè ìdajì nìyẹn, tí a pàdánù ìdajì. Nígbà tí ìjà rọlẹ̀, a pín oko ẹgbẹ́ mọ́ ara wa lọ́wọ́, a rò pé igbó tó ti bọ́ kò ní í béèrè oúnjẹ mọ́. Àwọn ọdẹ padà sí oko tiwọn. Ní báyìí, àwọn tó ń kọ́lé bíríkì ti ń gòkè lọ síbi tí odò ti ń sun, ẹ sì ń bẹ̀ mí kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ tí a jókòó sójú ọ̀nà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin ọmọ mi. Oko la fi gba igbó náà, oko náà sì ni gbèsè tí a jẹ yín.