Èékánná Funfun Mọ́rẹ́nikẹ́

Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ ní Igbó-Ọrà láàárọ̀ yìí. Bí òórùn erùpẹ̀ tútù ṣe gba ojú fèrèsé wọlé, mo ti bọ́ síta láìwọ bàtà, mo gbójú sókè. Àgbàlagbà bíi tèmi! Ṣùgbọ́n òórùn yẹn ni àwọn ẹyẹ fi ń mọ̀ pé ó yá láti lọ. Àwọn lékeléke tó bá wa gbé láti ìgbà ọyẹ́, tí wọ́n ń tẹ̀lé màlúù kiri, òjò àkọ́kọ́ ló ń lé wọn padà sí Òkè Ọya.

Nígbà tí a wà ní kékeré, orí igi àràbà ẹ̀bá àkùrọ̀ ni wọ́n ń sùn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, igi náà á funfun bí ìgbà tí wọ́n sá òwú sí i. Àwa ọmọdé á dúró sábẹ́ rẹ̀, a ó máa ju ọwọ́ sókè, a ó máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún wa léékánná funfun. Ìgbẹ́ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fún wa, sórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí àmì funfun bíńtín bá yọ léékánná rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò ní sinmi.

Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọ ilé kejì sí wa, borí gbogbo wa. Tirẹ̀ kì í ṣe àmì. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló funfun. A jowú rẹ̀ débi pé a lé e kúrò lábẹ́ igi. "Olójúkòkòrò! O gba tìẹ, o tún gba tiwa!" Èmi ni mo pariwo jù. Ó rìn díẹ̀, ó jókòó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. A ní ó ń díbọ́n.

Ọjọ́ tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ lọ́dún náà ni ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n wọ ọkọ̀ Ìbàdàn, ó di ọsibítù. Ó na ọwọ́ sí mi lójú fèrèsé ọkọ̀: "Má bínú. Tí wọ́n bá padà dé, màá ní kí wọ́n fún ẹ ní tèmi."

Àwọn ẹyẹ padà dé nígbà ọyẹ́. Mọ́rẹ́nikẹ́ ò dé.

Yunifásítì ni mo ti kà á pé èékánná tó bá funfun báyẹn, ẹ̀jẹ̀ ló tán lára ẹni. Mo pa ìwé náà dé. Láti ìgbà náà, ní gbogbo àkọ́rọ̀ òjò, abẹ́ àràbà yẹn ni mo ń lọ dúró sí, tí mo ń bẹ ẹ̀bẹ̀ mìíràn: ẹ gba funfun yín, ẹ dá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà.

Ìjọba ìbílẹ̀ wá ní àwọn fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe ọgbà ẹyẹ fún ìgbafẹ́. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n gé àràbà náà nígbà ọyẹ́ tó kọjá, pẹ̀lú ẹyẹ lórí rẹ̀. Wọ́n fi òkúta dí àkùrọ̀, wọ́n da kọnkéré lé e. Wọ́n wá fi sìmẹ́ǹtì mọ lékeléke kan sẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n sì fi sí i! Mo kọ lẹ́tà sí wọn, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba ìkẹta lọ́fíìsì wọn rẹ́rìn-ín: "Màmá, ṣé ẹyẹ máa dìbò ni?"

Orí kọnkéré yẹn ni mo dúró sí láàárọ̀ yìí. Àwọn lékeléke yí po lẹ́ẹ̀mejì lókè ibi tí igi wà tẹ́lẹ̀, wọn ò ríbi bà sí, wọ́n kọrí sọ́nà Tápà. N ò tíì sọ ọ̀rọ̀ mi tán.

Àwọn ọmọ mẹ́ta kan tó ń lọ síléèwé dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń ju ọwọ́ sókè sí àwọn ẹyẹ náà, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Mo pè wọ́n, mo di ọwọ́ wọn mú lọ́kọ̀ọ̀kan, mo yẹ èékánná wọn wò.

"Màmá, ṣé tiwa ti funfun?"

"Rárá o. Ó pọ́n, ó pọ́n dáadáa. Ẹ máa lọ síléèwé."

Ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì. Inú bí wọn sí mi.