Ọ̀nà Tí Kò Lọ Síbì Kankan

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin tí kò tíì mọ ìró ró dáadáa, ohun kan ṣoṣo ni abúlé wa ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run: ọ̀nà. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ọ̀kadà ń gbé dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó lè má yé yín. Abúlé wa kọjá Òṣíẹ̀lẹ̀, nínú igbó lọ́hùn-ún. Ohun tí a bá kórè, orí la fi ń rù ú dé títì kí á tó rí mọ́tò tí yóò gbé e lọ sí Abẹ́òkúta. Àárín orí ìyá mi àgbà ti pá nítorí ẹrù.

Àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣòfin nígbà náà pé ìjọba ló ni gbogbo ilẹ̀. Àwọn àgbà ń fi òfin náà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń bi ara wọn bóyá ìjọba ni yóò máa wá bá wọn roko. Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn ọkùnrin kan dé pẹ̀lú àdá, ẹ̀wọ̀n irin gígùn, àti nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí wọ́n ń di ojú kan wò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la igbó, ó ń lọ gbọọrọ bí okùn tí a fà. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe, a ṣáà ti mọ̀. Ọ̀nà ti dé! Àwọn ìyá wa jó. Ìyá àgbà pa àkùkọ tó ń jí wa láàárọ̀, ó fi sebẹ̀ fún wọn. Bàbá Sàfúrátù, tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé igi obì tó dí wọn lọ́nà. Wọ́n jẹ ẹran tán, wọ́n dúpẹ́, wọn ò sọ ohun tí wọ́n wá ṣe.

Sàfúrátù yìí ni ọ̀rẹ́ mi. Kò sí ohun tí ọmọ náà máa rí tí kò ní bi í léèrè.

Ó ní, "Níbo ni ọ̀nà yìí ń lọ gan-an?"

Mo ní, "Abẹ́òkúta ni, ìwọ òpè yìí."

"Abẹ́òkúta wà níbi tí oòrùn ń wọ̀. Kí ló dé tí èyí kọjú síbi tó ti ń yọ?"

Nígbà tí àwọn ọkùnrin náà lọ tán, a tọ ọ̀nà náà ká lè mọ ibi tó parí sí. A rìn títí, a bá òkúta símẹ́ńtì kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, wọ́n kọ lẹ́tà sí i lórí. Ibẹ̀ ni ọ̀nà náà ti ṣẹ́rí. A tún rìn, a tún bá òkúta mìíràn, ó tún ṣẹ́rí. Sàfúrátù ń ka lẹ́tà, èmi ń ṣa àgbálùmọ̀ jẹ. Ìgbà tí a máa fi gbójú sókè, kùkùté igi obì bàbá rẹ̀ la rí níwájú wa. Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ náà ni!

A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Sàfúrátù ní ọ̀nà náà ti ya wèrè. A sáré lọ sọ fún Ìyá àgbà, tó jókòó tó ń pa ẹ̀gúsí. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ẹ tún un sọ. Ó yí po, ó sì padà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Oko wa ńkọ́?"

"Inú rẹ̀ ló wà. Ti gbogbo èèyàn ló wà níbẹ̀."

Ó ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Kì í ṣe ọ̀nà. Ọgbà ni! Olè ni mo pa àkùkọ mi fún!"

Àwọn àgbà wọ mọ́tò lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé olówó kan ń tọrọ ìwé ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ìjọba, ó ní igbó lásán ni, kò sí ẹ̀dá kankan níbẹ̀. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ní òun máa wá fojú ara òun rí i kí òun tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ hú àwọn òkúta náà dànù. Ìyá àgbà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, tí wọ́n bá hú u, wọ́n á ní jàǹdùkú ló ń gbénú igbó.

Ó wá bi wọ́n pé, "Ẹni tó ń bọ̀ yìí, ṣé ọmọ Yorùbá ni?"

Wọ́n ní ọmọ Yorùbá ni.

"Ṣé ó lè kọjá lára àgbàlagbà lóko kó má kí i? Ẹni tó bá sì ti kí yín pé ẹ kú oko, ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé oko yín ni."

Lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà dé, olúkúlùkù ti dúró ní etí oko rẹ̀, lójú ọ̀nà tí wọ́n là yẹn. Bí ó ti yọ pẹ̀lú awò lójú, Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ bá.

"Ẹ kú oko o, Ìyá."

"A dúpẹ́ o. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú oòrùn. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Kó tó dáhùn tán, ó ti kan Ìyá Múfú. Ó kan Bàbá Jímọ̀. Ẹ kú oko, ẹ kú ìrìn, ẹ kú oko, ẹ kú ìrìn. Aṣojú olówó náà, tó bá a wá, tó wọ bàtà funfun wọnú igbó, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́.

"Ọ̀gá, ẹ má dá wọn lóhùn mọ́, a máa pẹ́."

"Kí n kọjá lára àwọn àgbà kí n yadi? Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn?"

Bàbá Sàfúrátù gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ẹlẹ́sẹ̀ funfun, ìwọ náà kú oko wa o!" Ẹ̀rín bú.

Ṣùgbọ́n igun kan wà tí ń ba Ìyá àgbà lẹ́rù. Ilẹ̀ bàbá Sàfúrátù tí wọ́n fi sílẹ̀ láìdá ni, koríko ti bò ó. Èmi àti Sàfúrátù ni wọ́n fi síbẹ̀, torí àwọn àgbà ò kárí. Inú aṣojú náà dùn nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó! Ẹ̀gẹ́ dà? Iṣu dà? Igbó lásán!"

Sàfúrátù ló kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, sà. Ilẹ̀ bàbá mi ló ń sinmi."

Ọ̀gá náà ní, "Ilẹ̀ ń sinmi kẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ti ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ kì í sinmi ni?"

Ọ̀gá náà yọ awò ojú rẹ̀, ó fi aṣọ nu òógùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "À ń sinmi, ọmọ mi. Ó kú ìsinmi o." Ó yíjú sí ẹlẹ́bàtà funfun, ó ní, "Igbó tí kò séèyàn nínú rẹ̀, ohùn mi ti há tán níbẹ̀."

Olówó náà ò rí ìwé gbà. Àwọn òkúta rẹ̀ la wá ń jókòó lé lórí tí a bá ń sinmi ẹrù.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀nà gidi padà dé, ó sì lọ síbi tó ń lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn náà ló gbé àwọn olùrà wá. Ohun tí olówó yẹn ò rí fi ìwé gbà, àwọn ọmọ bíbí inú wa ló tà á ní púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì. Ògiri ló wà níbi tí Ìyá Múfú dúró sí. Géètì ló wà níbi ti Bàbá Jímọ̀. Mọ́tò ń kọjá, wọ́n ti gíláàsì pa, ta ni wọ́n máa kí? Mo lè dárúkọ gbogbo ẹni tó dúró lọ́jọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi nìkan ló ṣẹ́kù tó lè dáhùn tí a bá pè é.

Sàfúrátù kú lọ́dún yìí. Igun tó ń sinmi yẹn, kò tà á títí ó fi kú, ibẹ̀ náà ni a sì sin ín sí. Àwọn kan ti ń bi àwọn ọmọ rẹ̀ pé èló ni. Níjọ́ sí, mo fi ọ̀pá tilẹ̀ débẹ̀. Mo bá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní òdìkejì, wọ́n na ẹ̀wọ̀n sílẹ̀, nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn náà ló wà níwájú wọn. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀rẹ́ mi. Mo pariwo rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n lè gbọ́:

"Sàfúrátù, o kú oko o!"